Bísíkíìtì Ọmọ Òrukàn

Àwọn baba wa ní, ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Kò sí àgbà tí ó dá gbọ́n tán. Ohun tí ó kó jọ lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni ó fi ń dúró láwùjọ. Ẹ jẹ́ kí á kó díẹ̀ lọ́wọ́ Amelia Simmons, obìnrin ará Amẹ́ríkà tí wọ́n tẹ ìwé ìdáná rẹ̀, American Cookery, jáde ní ìlú Hartford lọ́dún 1796.

Kò fi oyè kankan lé orúkọ ara rẹ̀. Ọmọ òrukàn ni ó pe ara rẹ̀ lójú ìwé àkọ́kọ́. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú, ó ní ẹni tí ó ní òbí, tí ó ní arákùnrin tàbí owó, rí ẹni gbèjà rẹ̀ bí ó bá ṣìṣe. Ṣùgbọ́n òrukàn kò ní ibi ìfẹ̀yìntì mìíràn àfi ìwà. Àwa tí a ń sọ pé ìwà lẹwà, ǹjẹ́ a ti rò ó débẹ̀? Ẹwà ni ìwà jẹ́ fún ọmọ tí ó ní òbí. Fún òrukàn, ilé àti odi ni.

Inú ìwé yẹn ni bísíkíìtì Kérésìmesì rẹ̀ wà: pọ́n-ùn 3 ìyẹ̀fun, pọ́n-ùn 1 bọ́tà, pọ́n-ùn 1 ààbọ̀ ṣúgà, kóró kọriáńdà lílọ̀ tí ó kún ife tíì kan, àti èròjà kan tí wọ́n ń fà yọ láti inú eérú igi, tí a yọ́ sínú mílíìkì kí ìyẹ̀fun lè wú. (Ẹni tí ó bá mọ bí a ṣe ń se ọṣẹ dúdú kò ní fojú tẹ́ńbẹ́lú eérú.) Lóde òní, fàǹílà ti gba ipò kọriáńdà, ẹyin sì ti wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun èlò rẹ̀ kò pọ̀ síbẹ̀.

Wọ́n ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Mo gbà bẹ́ẹ̀ fún ọbẹ̀. N kò gbà á fún bísíkíìtì yìí. Òrukàn ni òun náà: kò ní ata ilẹ̀, kò ní èso gbígbẹ, kò ní ṣokoléètì tí yóò bo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Bí bọ́tà bá ti kan, ẹnu yóò mọ̀. Bí ọwọ́ bá ti kánjú, eyín yóò jẹ́rìí.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko bí ojú ẹja. Ẹni tí ó bá ń po ìyẹ̀fun yìí lóde òní yóò rí òwe náà lójúkojú. Bí ìyẹ̀fun bá ti dé inú bọ́tà àti ṣúgà, kí ó ṣáà ti para pọ̀, ó tó. Bí a bá ń pò ó nìṣó, ohun tí ń fà nínú àlìkámà yóò jí, yóò sì gan. Bí ó bá jáde nínú ààrò, ó ti di òkúta. Kí á gbé e sí fíríìjì fún wákàtí kan ó kéré tán, kí bọ́tà tún lè dì, kí ìràwọ̀ tí a gé lè jẹ́ ìràwọ̀. Èyí tí ó bá wọ inú iná ní gbígbóná yóò kàn tẹ́ rẹrẹ ni. Bí etí rẹ̀ bá ti ń pọ́n díẹ̀ báyìí, ẹ gbé e jáde, bí ó tilẹ̀ rọ̀ lójú yín, nítorí pé ooru inú páànù yóò parí iṣẹ́ náà. Èrò tèmi ni pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ wa ti ń kùnà. Òṣìṣẹ́ pọ̀ láàrin wa. Àwọn tí wọ́n mọ ibi tí ó yẹ kí ọwọ́ dúró kò pọ̀.

Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Simmons ní bísíkíìtì tòun le nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná, ṣùgbọ́n bí a bá kó o sínú ìkòkò amọ̀, tí a gbé e sí yàrá abẹ́ ilẹ̀, yóò rọ̀, yóò sì dùn sí i bí ó bá pé oṣù 6. Ẹ̀yin náà ẹ ṣírò rẹ̀: ẹni tí ó fẹ́ jẹ ẹ́ ní Kérésìmesì, oṣù kẹfà ni ó ti dáná. Àwa ń wá bọ́tà kiri lálẹ́ ọjọ́ 24.

Èyí tí ó wù mí jù lọ kò sí nínú ààrò rárá. Simmons kò kàwé tó láti fọwọ́ ara rẹ̀ pèsè ìwé náà fún ìtẹ̀wé, ó sì gba ẹnìkan síṣẹ́. Ẹni náà yọ ohun tí ó ṣe pàtàkì kúrò, ó sì fi òmíràn tí ó lè ba oúnjẹ jẹ́ rọ́pò rẹ̀, láìgba àṣẹ. Obìnrin náà kò torí ìtìjú dákẹ́. Ó tẹ àtúnṣe jáde, ó sì sọ fún gbogbo ayé ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí: ẹni tí kò ní alágbàwí gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ iṣẹ́ rẹ̀ kódà lẹ́yìn tí ó bá ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Irú ìṣọ́ bẹ́ẹ̀ yẹ àwa náà, àgàgà àwa tí ìwọ̀n oúnjẹ wa kò sí níbì kankan àfi ní ọwọ́ àti ojú. Ẹ kọ ìwọ̀n náà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ kí ọdún tó dé, ẹ fọwọ́ ara yín wọ̀n ọ́n. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìwọ̀n tí kò péye ni ẹ fún ìyàwó ilé lọ́dún tó kọjá, tí ẹ ń wò ó bí ó ṣe ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi, ẹ pè é lónìí, kí ẹ sọ iye ṣúgà gan-an fún un.