Ìwà Ẹni Tó Wọ Ẹ̀kú

Ní Ìlá Ọ̀ràngún àti ní àwọn ìlú Ìgbómìnà tó kù, ìdílé ló ni eégún. Bí Ifá bá ní kí agbo ilé kan dá eégún sílẹ̀, àwọn ọmọ ilé náà ni yóò dáwó ra aṣọ, àwọn ni yóò máa bọ ọ́, àwọn ni yóò sì mọ ẹni tí yóò gbé e jáde. Ẹni náà yóò bo ojú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀, yóò yí ohùn padà, orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ yóò sì di èèwọ̀ lẹ́nu gbogbo ènìyàn títí yóò fi padà sí ìgbàlẹ̀. Ará ọ̀run ni lásìkò náà. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá wá ṣe ibi lábẹ́ aṣọ yìí, ta ló ṣe é? Ṣé ará ọ̀run ni, àbí ọmọ ilé lágbájá?

Ìbéèrè yìí ti kúrò ní ti eléégún nìkan. Òun ló wà níwájú àwọn tó ń kóra jọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ṣe eré níbi tí oníkálukú ti ń mú ẹ̀dá kan, bóyá jagunjagun, oṣó tàbí ọmọ ọba, tí yóò sì máa fọhùn, tí yóò máa hùwà bí ẹ̀dá náà fún oṣù tàbí ọdún pẹ̀lú àwọn tí kò fojú rí rí. Orí tábìlì ni irú eré bẹ́ẹ̀ ti gbajúmọ̀ ní Amẹ́ríkà láti 1974, nígbà tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde. Ní 1978, Roy Trubshaw bẹ̀rẹ̀ ti orí kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Essex ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Richard Bartle sì bá a ṣe é dójú àmì. Eré náà kò tí ì pé ọgọ́ta ọdún. Eégún ti pẹ́ jù ú lọ, àwọn tó ń gbé e sì ti ronú lórí ọ̀ràn yìí tipẹ́.

Ìdáhùn àkọ́kọ́ ni pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀, pé ẹni tó bá fi ara rẹ̀ hàn bí ohun tí kò jẹ́ ti dẹ́ṣẹ̀ kó tó ṣe ohunkóhun. Ààfáà lè tọ́ka sí hádíìsì tó bá ẹni tó ń purọ́ láti pa èèyàn lẹ́rìn-ín wí. Plato, ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Gíríìkì, bẹ̀rù ohun mìíràn: nínú ìwé rẹ̀ tí a ń pè ní Republic, ó ní ẹni tó bá ń fara wé ènìyàn burúkú lemọ́lemọ́, ìwà náà yóò mọ́ ọn lára. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ní ìwọ̀n tirẹ̀, wọn kì í sì í ṣe ohun àjèjì ní Ìlá, níbi tí mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ ti pọ̀ nínú àwọn ìdílé tó ní eégún.

Ṣùgbọ́n kí irọ́ tó di irọ́, ó gbọ́dọ̀ ní ẹni tó ń tàn jẹ. Òwe Yorùbá kan sọ pé bí eégún bá ń lé ni, ká máa rọ́jú, torí bó ti ń rẹ ará ayé, bẹ́ẹ̀ ló ń rẹ ará ọ̀run. Ẹni tó pa òwe yìí mọ̀ dájúdájú pé ènìyàn tó ń mí hẹlẹhẹlẹ ló wà lábẹ́ aṣọ náà, kò sì sí ẹni tó bá a wí pé ó tú awo. Àní ti obìnrin pàápàá, ohun tí òfin awo wí ni pé bó bá mọ̀ ọ́n, kò gbọdọ̀ sọ ọ́. Gbogbo ìlú ló fọwọ́ sí ohun tí wọ́n ń wò. Ohun tí gbogbo ènìyàn fọwọ́ sí kò lè jẹ́ ẹ̀tàn.

Ẹ̀tàn gidi wà nínú ìtàn Ọ̀yọ́, èyí tí Samuel Johnson kọ sínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1921. Nígbà tí Aláàfin Abípa fẹ́ kó ìlú kúrò ní Ìgbòho padà sí Ọ̀yọ́ Ilé, àwọn ìjòyè rẹ̀ tí à ń pè ní Ọ̀yọ́ Mèsì kò fẹ́. Wọ́n rán abuké, àfín, adẹ́tẹ̀, aràrá àti arọ ṣáájú lọ síbẹ̀, pé kí wọ́n máa ṣe bí iwin lóru kí àwọn ìránṣẹ́ ọba lè sá. Ọba rán ọdẹ, ọdẹ sì mú wọn. Lọ́jọ́ tí àwọn ìjòyè jókòó ti ọtí láàfin, ọba ní kí iwin kọ̀ọ̀kan gbé igbá ọtí jáde fún ẹni tó rán an. Ọba kò bá iwin jà rárá. Ó kàn dá iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan padà fún ẹni tó ni ín, lójú gbogbo ilé. (Pé wọ́n fi ara tí Ọlọ́run fún ẹlòmíràn ṣe ohun ìdẹ́rùbani jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ kejì tí ìtàn náà gbójú fò.)

Ti ìbẹ̀rù Plato, àwọn eégún aláré ti fi iṣẹ́ wọn dáhùn. Wọ́n ń ṣe Tápà, wọ́n ń ṣe Gàmbàrí, wọ́n ń ṣe Ìdáhọ̀mì, wọ́n ń ṣe ọ̀mùtí, kò sì sí ẹni tó sọ pé ẹni tó ṣe ọ̀mùtí ti di ọ̀mùtí. Ní 1826, nígbà tí òyìnbó arìnrìn-àjò Hugh Clapperton dé Ọ̀yọ́ Ilé, wọ́n ṣe òyìnbó fún un lójú ara rẹ̀: ẹ̀dá funfun kan tó rù hangogo, tí òtútù ń mú, tó ń fọwọ́ ra ọwọ́, tó ń fín áṣáà, tó sì ń rìn gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn. Àwọn èrò yí ojú sí àlejò láti mọ bó ṣe gbà á, Clapperton sì gbà pé eré náà dára. Àwọn aláré náà fi àlejò náà ṣẹ̀fẹ̀ lójú ara rẹ̀, ní gbangba, níbi tó ti lè fèsì. Èyí tí wọ́n bá fi ènìyàn ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ló máa ń dùn ún.

Ìdáhùn kejì ló léwu jù: pé ará ọ̀run ló ṣe é, nítorí náà kò sí ènìyàn tó jẹ̀bi. Ẹni tó ní ọ̀tá ládùúgbò lè máa retí ọdún eégún kó lè fi pàṣán san gbèsè ìbínú rẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì náà ni a ti ń gbọ́ ọ pé, ‘Èmi kọ́, ẹ̀dá tí mo ń ṣe ló bú ọ.’ Àwọn tó dá eégún sílẹ̀ kò fi àyè yìí sílẹ̀. Atọ́kùn ń bá eégún rìn, òun ló ń darí rẹ̀, òun ló ń dá a dúró bó bá ń ṣe àṣejù. Alágbàá, olórí àwọn eléégún, wà lókè gbogbo wọn. Bí eégún tí à ń pè ní Pààká bá na ọmọ ọlọ́mọ kọjá ohun tí eré gbà, ilé tó ti jáde ni wọn yóò lọ, bàálé ni yóò sì dáhùn. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí bí eégún Ẹlẹ́wẹ̀ bá jó tó sì ta kìtì débi pé ojú gbogbo ayé wà lára rẹ̀: ìdílé ni ìyìn náà ń lọ bá.

Ojú ni a bò, a kò fi ẹni náà pamọ́. Ẹni tó bá ṣí aṣọ lójú eégún ní ọjà ti dá ọ̀ràn ńlá. Bákan náà ni ti ẹni tó bá gbé orúkọ àti àdírẹ́sì aláré ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ síta lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Síbẹ̀ ẹni kan gbọ́dọ̀ wà tó mọ ẹni tó wà níbẹ̀, tó sì lè pè é ní kọ̀rọ̀ bá a wí. Facebook ń béèrè pé kí oníkálukú lo orúkọ tí wọ́n ń pè é lójoojúmọ́. Ìyẹn tú gbogbo aṣọ lójú gbogbo èrò. Ibòmíràn kò béèrè ohunkóhun, ẹnikẹ́ni kò sì mọ ẹnikẹ́ni. Ìlá kò ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní LambdaMOO jẹ́ ká rí ibi tí àìsí atọ́kùn ń gbé ni dé. Pavel Curtis ló dá ibi yìí, ayé orí kọ̀ǹpútà tí a fi ọ̀rọ̀ kíkọ ṣe, sílẹ̀ ní ilé ìwádìí Xerox ní Kalifọ́níà ní 1990. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan tó ń jẹ́ Mr. Bungle níbẹ̀ lo ètò kọ̀ǹpútà kan láti gba àkóso ẹ̀dá àwọn ẹlòmíràn, ó sì mú kí wọ́n dà bí ẹni tó ń ṣe ohun ìtìjú níwájú èrò. ‘Voodoo doll’ ni wọ́n ń pe ètò náà. Akọ̀ròyìn Julian Dibbell kọ ìtàn náà sínú ìwé ìròyìn Village Voice ní December 1993. Ọ̀kan nínú àwọn tó ni ẹ̀dá tí wọ́n fi ṣeré náà sọkún gidi nídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ẹkún náà kì í sì í ṣe ti eré. Ẹ̀ṣẹ̀ Mr. Bungle kò sí nínú pé ó mú ẹ̀dá burúkú. Ẹni burúkú ń bẹ nínú eré gbogbo. Ó wọ inú ẹ̀kú tí kì í ṣe tirẹ̀, láìgba àyè, ó sì ń fi ẹnu ẹlòmíràn sọ ohun tí ẹni náà kò fẹ́ sọ. Nínú àwọn eré tó wà lónìí, àwọn tó mọ iṣẹ́ wọn kì í kọ ohun tí ẹ̀dá ẹlòmíràn ṣe. Wọn a kọ ti wọn, wọn a dúró de èsì.

Ará LambdaMOO jókòó jíròrò, wọn kò lè fẹnu kò. Níkẹyìn, ọ̀kan nínú àwọn alábòójútó dá pa ẹ̀dá Mr. Bungle rẹ́. Kò pẹ́ tí ẹni náà fi padà wá pẹ̀lú orúkọ mìíràn. Aṣọ ni wọ́n sun. Ẹni tó wọ̀ ọ́ kò ní ilé kankan níbẹ̀ tí wọ́n lè lọ bá. Lẹ́yìn ọ̀ràn yìí ni Curtis ṣètò kí àwọn ará ibẹ̀ máa kọ ẹ̀bẹ̀, kí wọ́n sì máa dìbò lórí òfin tí yóò de gbogbo wọn, kí ìdájọ́ má baà tún wà lọ́wọ́ ẹnì kan. Ní Nàìjíríà, òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015, tí wọ́n tún ṣe ní 2024, ń fìyà jẹ ẹni tó bá fi orúkọ ẹlòmíràn ṣe jìbìtì tàbí tó ń fi ọ̀rọ̀ halẹ̀ mọ́ni. Ọ̀daràn nìkan ni òfin náà lè tọ́. Ìwọ̀sí kékeré tó ń ba eré jẹ́ kì í dé ilé ẹjọ́, àwọn tó ń ṣe eré náà ló kù sí lọ́wọ́.