Ewé Ẹ̀gẹ́ Kì Í Jókòó Lásán

  

Bí ìdánwò WAEC bá ti ń súnmọ́lé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan a máa wá bá wa nílé kéwú ní Odògbolú níbí: "Àfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọ hàntú fún wa mu." Bí a bá béèrè pé ìwé kíkà ńkọ́, wọn a ní ọwọ́ Ọlọ́hun ni arísìkí wà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo bí Ọlọ́hun ṣe ń pèsè fún ewé ẹ̀gẹ́ inú oko wa.

Ilẹ̀ kì í fún ewé ní oúnjẹ tó ti jinná. Omi àti èròjà díẹ̀ ni gbòǹgbò ń fà. Ewé ní ihò kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí. Ibẹ̀ ló ti ń gba carbon dioxide, irú afẹ́fẹ́ tí àwa ń mí síta. Nínú ìdá 10,000 afẹ́fẹ́ tó yí wa ká, èyí kò ju bí ìdá 4 lọ. Chlorophyll, tí ó fún ewé ní àwọ̀ rẹ̀, ló ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn mú. Agbára ìmọ́lẹ̀ náà ni ewé fi ń tú omi palẹ̀, tí ó sì fi ń sọ afẹ́fẹ́ di ṣúgà. Oxygen tó jáde níbẹ̀ ni àwa ń mí sínú. Ní 1779 ni Jan Ingenhousz, dókítà ará Netherlands, kọ ọ́ sínú ìwé pé inú ìmọ́lẹ̀ nìkan ni ewé ti ń ṣe èyí.

Ṣúgà yìí ló ń lọ sí gbòǹgbò ẹ̀gẹ́, tí ó ń di sítáàṣì. Lẹ́yìn bí oṣù 9 sí 18, a hú u, a bó o, a lọ̀ ọ́, a jẹ́ kí ó kan, a fún omi rẹ̀ dànù, a yan án: gàrí Ìjẹ̀bú dé. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí ewé kó pamọ́ ni à ń fi omi tútù mu.

Ta ló dá oòrùn? Ọlọ́hun ni. Ta ló rọ òjò? Ọlọ́hun ni. Ewé kò san kọ́bọ̀. Síbẹ̀, Ọlọ́hun gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Bí a bá ń já ewé ẹ̀gẹ́ tán léraléra, gbòǹgbò kò ní tóbi, oòrùn ì báà ràn títí.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ẹ̀kọ́ yìí tako ẹ̀sìn. Nínú Súrátù Yásíìn, áyà 80, Ọlọ́hun pè wá kí á ronú sí iná tí Ó ń mú jáde láti ara igi tútù. Agbára oòrùn tí ewé kó sínú igi ni iná ọ̀hún.

Nítorí náà, ẹ ṣe àdúà, kí ẹ sì ṣí ìwé yín. Ọ̀sán ni ìgbà èwe. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ewé kò lè rí ìmọ́lẹ̀ kó mọ́. Kí Ọlọ́hun fi bàríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ wa. Àmín.