Ẹnu Dùn-ún Rofọ́

Ẹnu dùn-ún rofọ́, làwọn àgbà wí. Ẹni tó ń fẹnu rofọ́ kì í jáwèé, kì í dáná, èéfín kì í sì í ta á lójú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀sìn tí kò kọjá ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Nínú ìjọ Àgùdà, inú ọ̀rọ̀ Látìn tí fádà fi ń tú ìjọ ká ni orúkọ Míísà ti wá. Ọ̀rọ̀ náà jẹ mọ́ ríránni lọ. Níbo? Ìdí igbá gàrí wà lára ibi tí wọ́n ń rán wa lọ. Ẹ wo kọ́ńgò tí wọ́n fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọnú: òkìtì gàrí yọrí lókè, oníbàárà ń rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tó délé. Ẹni tó gba Ara Olúwa lọ́jọ́ Ìsinmi, tó gbé irú kọ́ńgò yẹn lọ́jọ́ Ajé, àdúrà wo ló fẹ́ kí oníbàárà bá òun ṣàmín sí?

Wọ́n á ní gbogbo ọjà ló ń lu ìdí kọ́ńgò, olóòótọ́ ni yóò jẹ gbèsè. Èrè rẹ̀ lè kéré lóòótọ́. Mi ò ní parọ́ pé òtítọ́ ń tètè sọni dolówó. Àmọ́ ó lè fowó lé ọjà ní gbangba, kí kọ́ńgò pé. Àwọn mìíràn á ní ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ṣáà wà. Ó wà, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ìjọ náà ni pé ẹni tó rẹ́ni jẹ gbọ́dọ̀ dá a padà. Sákéù inú Lúùkù 19 ṣèlérí ìlọ́po mẹ́rin. Oníbàárà tí a kò rí mọ́ ńkọ́? Owó tirẹ̀ di ti tálákà.