Nítorí Iná Tí Ó Ń Tàn Nílé Wa



Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ilé ìsìn ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá yóò rántí ìwé ọpẹ́ kan tí a kà sí etígbọ̀ọ́ ìjọ. Ó pé ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ́jọ́ náà tí iná mànàmáná ti kú ní àdúgbò wa nínú ìlú Mínà yìí, arákùnrin wa kan sì ra ẹ̀rọ amúnáwá. Ó kọ ọ́ pé òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, nítorí pé ilé òun nìkan ni iná ń tàn ní òpópónà náà. Ìjọ ké Halelúyà. Àwa náà ké e. Ìgbà tí a ń kó ìwé náà sínú fáìlì ni ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ gún wa lọ́kàn: “nìkan.” (A ti gba àyè lọ́wọ́ arákùnrin náà kí a tó kọ èyí.)

Kì í ṣe pé ó dẹ́ṣẹ̀. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ẹni tí ó bá ti ọjà dé nínú oòrùn oṣù kẹta, tí ó jókòó sábẹ́ fáànù, tí ó mu omi tútù láti inú fíríìjì, tí kò sì rántí Ọlọ́run, abaramóorejẹ ni. Áyọ́ọ̀nù eléèédú ni àwọn ìyá wa fi ń lọ aṣọ ìsìn.

Ṣùgbọ́n irú ọpẹ́ wo ni? Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, yóò rí òmíràn gbà. Kí wọ́n foríjì wá, ọ̀rọ̀ yẹn dún bí òwò létí wa. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ má bínú. Farisí inú Lúùkù 18 pẹ̀lú dúpẹ́, ohun tí ó sì tìtorí rẹ̀ dúpẹ́ ni pé òun kò dà bí ẹlòmíràn. Nínú ilé tí ó kángun sí ti arákùnrin wa, ìyá arúgbó kan wà tí ariwo ẹ̀rọ náà kò jẹ́ kí ó sùn, èéfín rẹ̀ sì ń gba ojú fèrèsé wọlé tọ̀ ọ́.

Kí a tilẹ̀ fi ti ẹ̀rọ sílẹ̀. Iná tí gbogbo wa ń retí, níbo ni ó ti ń wá? Apá kan nínú rẹ̀ ń ti Odò Ọya wá, ní Kainji, nínú Ìpínlẹ̀ Niger tí a ń gbé yìí. Ní 1964 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí sé odò náà, wọ́n sì ṣí iṣẹ́ náà ní 1969. Nítorí adágún rẹ̀, nǹkan bí 44,000 ènìyàn ni ó kó kúrò ní ilé bàbá wọn, omi sì bo ìlú Bussa àtijọ́. Wọ́n kọ́ New Bussa fún wọn, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwa tí a máa ń gbé òkú wa láti Mínà lọ sin sílé, àwa ni ó yẹ kí ó mọ ohun tí ó túmọ̀ sí kí ibojì òbí ẹni wà lábẹ́ omi.

Òùngbẹ omi kànga Bẹ́tílẹ́hẹ́mù gbẹ Dáfídì, àwọn akọni mẹ́ta sì la ibùdó ọ̀tá já láti bù ú wá. Kò mu ún. Ó dà á sílẹ̀ fún Olúwa, nítorí ó ka omi náà sí ẹ̀jẹ̀ wọn. Àwa kò ní kí ẹnikẹ́ni da omi fíríìjì rẹ̀ nù. Ṣùgbọ́n Dáfídì rí ọwọ́ tí ó bu omi náà wá. Àwa, ara ògiri nìkan ni a ń wò nígbà tí a bá ń tan iná.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ajé, iná dé. Àwọn ọmọdé ké “Up NEPA!”, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé láti 2005 ni ilé-iṣẹ́ náà kò ti jẹ́ orúkọ yẹn mọ́. Àwa náà sáré lọ fi fóònù wa sí iná. Ó tó wákàtí méjì kí a tó rántí Bussa.