Kí A Tó Gba Kọ́kọ́rọ́

Ìyá wa ló kọ́kọ́ ní ká má ṣe é. A dé Ìrèsì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, tí a jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà tán, a sọ fún wọn pé a fẹ́ lọ yẹ ilé tuntun náà wò láti yàrá dé yàrá kí a tó gba kọ́kọ́rọ́. Wọ́n wò wá títí, wọ́n ní, "Ṣé iṣẹ́ Bàbá lẹ fẹ́ lọ yẹ̀ wò? Bàbá tó máa ń gbé yín sí èjìká? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dójú tì mí."

Bàbá tí wọ́n ń sọ ni bíríkìlà tó kọ́ ilé náà. Ẹbí bàbá wa tó ti dolóògbé ni wọ́n, ó sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti ń kọ́lé. Àwa mẹ́ta, ọmọ ìyá kan, la dáwó jọ kọ́ ilé oníyàrá mẹ́ta fún ìyá wa, kí wọ́n lè kúrò nínú ilé àtijọ́ tí òrùlé rẹ̀ ń jò. Kò sí ẹni tó ń gbé Ìrèsì nínú wa. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà là ń ṣe ní Èkó. Àwa ń fi owó ránṣẹ́, Bàbá ń fi fọ́tò ránṣẹ́ padà lórí WhatsApp. Ọdún méjì gbáko la fi ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìyá wa ò kúrò lọ́kàn wa. Ṣé àìfọkàntánni ni kéèyàn yẹ iṣẹ́ ẹni tó fọkàn tán wò? Bí a bá gbà pé olóòótọ́ ni Bàbá, kí la tún ń wá lẹ́yìn ilẹ̀kùn? Bí a ò bá sì gbà bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí a gbé iṣẹ́ fún wọn?

Àwọn kan á sọ pé àṣà òyìnbó nirú àyẹ̀wò yìí. Lóòótọ́, ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó ra ilé tuntun lè sanwó fún ẹni tó máa wá kọ gbogbo àbùkù ilé náà sílẹ̀ kó tó kó wọ ibẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ronú sí bí àwọn baba wa ṣe ń kọ́lé. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀. Àwọn kan ń pọn omi, àwọn kan ń fẹsẹ̀ po amọ̀, àwọn kan ń mọ ọ́n. Wọn kì í mọ ògiri dókè lọ́jọ́ kan. Wọn á mọ ìpele kan, wọn á jẹ́ kó gbẹ, kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Onílé wà níbẹ̀, àna wà níbẹ̀, aládùúgbò wà níbẹ̀. Bí ògiri bá wọ́, ẹni tó ń kọjá lọ sóko á rí i, á sì wí i. Àyẹ̀wò wà nínú iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò fi pè é ní àyẹ̀wò. Ohun tó yí padà ni pé àwa ọmọ ti kúrò nílé. Ojú ogún èèyàn ti di fọ́tò mẹ́ta lórí fóònù, ẹni tó sì ya fọ́tò ló ń yan ibi tó máa yà.

Nínú iṣẹ́ tiwa, kò sẹ́ni tó ń kọ kóòdù tó sì ń dá gbé e jáde. Ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ kà á. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó máa ń dùn wá. A máa ń rò pé, "Ṣé wọ́n rò pé a ò mọ iṣẹ́ ni?" Ó di ọjọ́ tí ẹnì kan rí àṣìṣe wa, àṣìṣe tí ì bá yọ owó oníbàárà lẹ́ẹ̀mejì, kí ó tó yé wa. Ẹni tó ṣe iṣẹ́, ohun tó ní lọ́kàn láti ṣe ló máa ń rí nígbà tó bá tún un wò. Ojú ẹlòmíràn ló ń rí ohun tó wà nílẹ̀ gan-an. Olóòótọ́ ń ṣe àṣìṣe, ọ̀jáfáfá ń ṣe é. Bí a bá ní àfi ẹni tí a ń fura sí nìkan la máa yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, a ti sọ àyẹ̀wò di ìbúni nìyẹn, ọmọlúàbí ò sì ní lè ṣe é mọ́.

Nítorí náà, a ò lọ lẹ́yìn Bàbá. Ilé wọn la kọ́kọ́ yà. Àwa ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, àbúrò wa obìnrin kúnlẹ̀, a ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá fi ilé hàn wá." Wọ́n wọ bàtà, wọ́n sì ṣíwájú.

Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí a ṣe, bóyá ó máa wúlò fún ẹ̀yin náà tẹ́ ẹ ń kọ́lé láti ọ̀nà jíjìn. A ṣí gbogbo ilẹ̀kùn àti fèrèsé, a tì wọ́n padà. A da omi korobá kan sílẹ̀ ilé ìwẹ̀, a wo ibi tó ń ṣàn lọ, bóyá ojú ihò ni àbí ẹnu ọ̀nà. A fi ọsàn kan sílẹ̀ pálọ̀ láti mọ̀ bóyá ilẹ̀ náà dagun. A fi owó ẹyọ kan táìlì lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá dún bí ìlù, afẹ́fẹ́ ló wà lábẹ́ rẹ̀, kò ní pẹ́ ṣí. A wo igun fèrèsé dáadáa. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lára símẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri kì í sábà ní wàhálà, gbígbẹ ló ń fà á. Èyí tó yẹ kó lé oorun lójú yín ni èyí tó gba igun fèrèsé lọ ní dídagun, tó la búlọ́ọ̀kù kọjá. Ẹ̀rọ́gbà ò lè wo ìyẹn sàn, ẹ pe ẹnjiníà.

A béèrè símẹ́ńtì náà. Láti ọdún 2014 ni àjọ SON ti sọ pé rírẹ́ ògiri nìkan ni kí wọ́n máa fi símẹ́ńtì 32.5 ṣe, pé 42.5 ni kí wọ́n fi máa mọ búlọ́ọ̀kù, kí wọ́n sì fi máa da òpó. Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n wọ yàrá ẹ̀yìn, wọ́n kó àwọn òfìfo àpò jáde: 42.5 ló wà lára wọn. Wọ́n ní, "Ẹ rò pé mi ò mọ̀?" Ojú tì wá díẹ̀, inú wa sì dùn.

Ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ ni pé kí kànga àti sókàwéè jìnnà síra tó mítà 30. A fi tépù wọn èyí tó wà níwájú wa: mítà 9 ni. Ilẹ̀ Ìrèsì sì ní òkè. Sókàwéè ló wà lápá òkè, kànga ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Omi tí ìyá wa máa mu nìyẹn. A wo ara wa. A ò tíì sọ̀rọ̀ síta, àmọ́ a ti dá ẹjọ́ náà lọ́kàn wa, a sì ti dá Bàbá lẹ́bi.

Bàbá ò bá wa jiyàn. Wọ́n mú fóònù wọn, wọ́n wá a títí, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ohùn wa ló jáde: "Ẹ ṣe é síbi tó bá rọrùn, Bàbá. Owó ti ń tán lọ́wọ́ wa." Bàbá ní, "Àpáta la bá níbi tí a jọ fẹnu kò sí. Mo pè yín kí n tó gbẹ́ ibòmíràn. Èsì tẹ́ ẹ fún mi rèé."

Nínú iṣẹ́ wa, bí nǹkan bá bàjẹ́, a kì í kọ́kọ́ béèrè pé ta ló bà á jẹ́. Àkọsílẹ̀ là ń kọ́kọ́ wò, láti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ìgbà tó ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ yẹn, Bàbá ló ní àkọsílẹ̀. Àwa tí à ń pe ara wa ní onímọ̀ kọ̀ǹpútà, a ti gbàgbé ohun tí a fi ẹnu ara wa sọ. A lọ yẹ iṣẹ́ ẹlòmíràn wò, àbùkù tiwa la bá níbẹ̀.

Ṣé ó wá túmọ̀ sí pé ìyá wa ló gba ọ̀rọ̀? Rárá o. Omi náà ò mọ ẹni tó jẹ̀bi. Ní Bábílónì, ní nǹkan bí ọdún 3,700 sẹ́yìn, òfin Ọba Hammurabi sọ pé bí ilé bá wó pa onílé, kí wọ́n pa ẹni tó kọ́ ọ. Bó bá sì pa ọmọ onílé, kí wọ́n pa ọmọ ẹni tó kọ́ ọ. Òfin yẹn le, àmọ́ òkú ló ń dúró dè kó tó sọ̀rọ̀. Àwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014, ilé àlejò ìjọ kan wó ní Ìkọ̀tún, ní Èkó, èèyàn 116 ló kú. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2019, ilé kan tí ilé ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta-Fàájì. Àwọn ọmọdé wà lára àwọn tó kú. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ṣì ń kọ́ lọ́wọ́ wó ní òpópónà Gerrard, ní Ìkòyí. Àwọn tó kú lé ní 40, ẹni tó ń kọ́ ilé náà sì wà lára wọn. Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, a béèrè ẹni tó jẹ̀bi. Ìbéèrè náà tọ́, àmọ́ kò jí ẹnì kankan dìde. Àwọn ọmọ Ìta-Fàájì ò mọ bíríkìlà, wọn ò mọ onílé, ẹnikẹ́ni ò sì bi wọ́n léèrè kí wọ́n tó wọlé lọ kàwé.

Ohun tí a rí nínú rẹ̀ nìyí. Ojú tí à ń tì láti béèrè kì í lọ lásán. Ẹnì kan ló ń san gbèsè rẹ̀, ẹni yẹn kì í sì í sábà wà níbi tí a ti ń tijú fún ara wa. Àwa àti Bàbá ò bá bọ̀wọ̀ fún ara wa lẹ́yìnkùlé lọ́jọ́ yẹn, ìyá wa ni ì bá máa mu ọ̀wọ̀ náà ní ife kọ̀ọ̀kan. Àsìkò náà sì ṣe pàtàkì. Kí a tó gba kọ́kọ́rọ́, àbùkù ilé ṣì jẹ́ iṣẹ́ tó kù. Bí a bá ti gbà á tán, ó di ẹjọ́.

A mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo èèyàn ló lè sanwó fún ẹnjiníà. Àmọ́ korobá omi, ọsàn kan àti tépù ò wọ́n. Ohun tó wọ́n ni kéèyàn lanu.

Ó ná wa ní nǹkan. Ọjọ́ ìṣílé ti wà nílẹ̀, aṣọ ẹbí ti wà lọ́dọ̀ télọ̀. A sún un síwájú ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, a sì sọ fún ìyá wa pé àwa la fà á, kì í ṣe Bàbá. Wọn ò bá wa sọ̀rọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ yẹn. A san owó sókàwéè tuntun ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ náà, Bàbá sì kó àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn wá. Wọ́n dí ti àkọ́kọ́ pa, wọ́n gbẹ́ òmíràn. A fi tépù wọ̀n ọ́n, àwa àti Bàbá jọ di í mú, eku kan níbí, eku kejì lọ́hùn-ún: mítà 34.

Kọ́kọ́rọ́ ti wà lọ́wọ́ ìyá wa báyìí. Bàbá wá síbi ìṣílé, wọ́n jẹun, wọ́n sì gbàdúrà gígùn fún wa. Àmọ́ fọ́tò tí wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sí wa láràárọ̀ ọjọ́ Àìkú ti dáwọ́ dúró. A ò tíì mọ bí a ṣe máa tún ìyẹn ṣe. Bí a bá tún kọ́lé lọ́la, a ó tún yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n kí a tó wọ ọ̀nà Ìrèsì, a ó kọ́kọ́ jókòó, a ó sì gbọ́ ohùn ara wa tó wà lórí fóònù.