Èrè Ojú àti Èrè Ẹnu

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ẹgbẹ́ aláàánú a máa ta ohun àlòkù tí àwọn ènìyàn fi ta wọ́n lọ́rẹ, kí wọ́n lè fi owó rẹ̀ ran aláìní lọ́wọ́. Nínú ṣíbí àti àmúga tí a kó jọ síbẹ̀, ọ̀kan lè jẹ́ ojúlówó fàdákà, kí ẹni tí ń tà á má sì mọ̀. Ẹni tí ó mọ àmì kìnnìún, èyí tí a ti ń tẹ̀ sára fàdákà ilẹ̀ náà láti ọdún 1544, yóò rà á ní owó pọ́ọ́kú, yóò sì tún un tà ní owó gọbọi. Ǹjẹ́ olè ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ bí?

Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ó ti fi àkókò kọ́ ohun tí ó mọ̀. Ojú rẹ̀ ni ó fi jèrè. Ṣùgbọ́n bí òǹtajà bá bi í pé, "Ọ̀gbẹ́ni, ṣé fàdákà ni èyí?", tí ó sì dáhùn pé, "Irin lásán ni," kì í ṣe ojú ni ó fi jèrè mọ́, ẹnu èké ni. Aláìní tí a torí rẹ̀ ń tajà ni ó sì rẹ́ jẹ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ kọ́ ìmọ̀, kí ẹ sì fi ṣòwò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní ẹnu kan nígbà tí ó ń rà, tí ó sì ní ẹnu mìíràn nígbà tí ó ń tà, òun gan-an ni ayédèrú, bí ṣíbí rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ ojúlówó.