Ayò Kan Náà, Ìbànújẹ́ Méjì

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 2024, mo bá àwọn ọ̀dọ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú ilé kan ní Ọ̀wọ̀ tí a ti ń sanwó wo bọ́ọ̀lù. Àṣekágbá ìdíje ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ni, Nàìjíríà ń wọ̀yá ìjà pẹ̀lú Côte d'Ivoire ní Abidjan. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń bu ẹnu àtẹ́ lu José Peseiro, olùkọ́ni àwọn ọmọ wa, pé ó sọ àwọn tí wọ́n mọ bọ́ọ̀lù í gbá di ọdẹ aṣọ́lé. Nígbà tí ó di ìṣẹ́jú kejìdínlógójì, William Troost-Ekong fi orí kan bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n. Abala kejì kò tí ì jìnnà tí mo fi gbọ́ ohùn ara mi tí mo ń pariwo pé, "Ẹ gbá a sígbó! Ẹ gbá a sígbó!" Ọmọkùnrin tí ó jókòó tì mí yíjú wò mí. Kò sọ nǹkan kan. Èmi gan-an ni ojú tì.

Gbogbo wa mọ bí ó ti parí. Franck Kessié dá ọ̀kan padà, Sébastien Haller fi ìkejì lé e, Nàìjíríà sì fìdí rẹmi pẹ̀lú àmì ayò méjì sí ẹyọ kan. Àwọn ènìyàn dìde, wọ́n gbọn ṣòkòtò, wọ́n ní, "Ṣebí a ti sọ ọ́," wọ́n sì lọ sùn. Ohun tí kò jẹ́ kí èmi sùn ni pé mo ti rí àmì ayò yìí rí, mo sì ti sunkún nítorí rẹ̀ rí.

Ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1994 ni. Nǹkan kò rọgbọ ní orílẹ̀-èdè yìí nígbà náà. Wọ́n ti fagi lé ìdìbò ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 1993, M.K.O. Abíọ́lá wà ní àtìmọ́lé. Ọjọ́ kan ṣáájú ni NUPENG, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ epo, bẹ̀rẹ̀ ìdaṣẹ́sílẹ̀. Epo tí a rí dà sínú jẹnẹrétọ̀ ní Ọ̀wọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àwa bí ogún ni a dáwó rà á, kí a lè wo Nàìjíríà àti Ítálì nínú ìdíje ife ẹ̀yẹ àgbáyé ní Amẹ́ríkà. Emmanuel Amuneke gbá ọ̀kan wọlé kí ìdajì wákàtí tó pé, àwọn ọmọ wa sì ń fi bọ́ọ̀lù dárà lójú àwọn ará Ítálì. Rẹfirí lé Gianfranco Zola jáde, ó wá ku ará Ítálì mẹ́wàá lórí pápá. Ó ku nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì kí eré parí ni Roberto Baggio dá a padà, ó sì fi pẹ́náritì gbá ìkejì wọlé nínú àfikún àkókò. Méjì sí ẹyọ kan. Àwa ni a kọ́kọ́ gbá wọlé, àwa ni a sunkún lọ sílé, gẹ́gẹ́ bí yóò ti tún rí ní Abidjan ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà.

Síbẹ̀, níbi tí àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ mi bá péjọ sí, wọn kì í dárúkọ àwọn ọmọ 1994 láìrẹ́rìn-ín. Àwọn ti 2024, tí wọ́n gba ipò kejì ní gbogbo Áfíríkà, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹni ìgbàgbé. Bí ó bá jẹ́ pé àbájáde nìkan ni a ń wá nínú eré, ìbànújẹ́ méjèèjì ì bá dọ́gba.

Fún ọdún púpọ̀, àlàyé tí mo máa ń ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ni pé àbájáde jẹ́ ohun tí ẹlòmíràn lè gbà lọ́wọ́ ẹni, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a gbà ṣe nǹkan jẹ́ tiwa títí láé. Ìdìbò 1993 ni mo máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ. Wọ́n fagi lé èsì. Kò sí ìjọba tí ó lè fagi lé bí a ti tò ní wọ́ọ́rọ́wọ́ dìbò lọ́jọ́ náà. Bákan náà ni Baggio gba ìṣẹ́gun lọ́wọ́ wa, tí kò sì lè gba ẹsẹ̀ Jay-Jay Okocha lójú wa.

Ọmọkùnrin tí ó yíjú wò mí ni ó da àlàyé yìí rú. Ọmọ Ìdóàní ni, ọ̀kadà ni ó ń gùn ní Ọ̀wọ̀. Nígbà tí a jáde, mo sọ ìtàn 1994 fún un. Ó fara balẹ̀ gbọ́ ọ, ó wá ní: "Ẹ má bínú, bàbá. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbowó oṣù ni ẹwà lè yó. Èmi, bí mo bá fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ gun ọ̀kadà láti àárọ̀ di alẹ́, tí n kò rí owó ọlọ́kadà san, kò ní bi mí bí mo ṣe gùn ún. Ká ní a gba ife yìí ni, inú mi á dùn fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ọ̀sẹ̀ kan kò kéré, bàbá."

N kò rí èsì fọ̀.

Bóyá èdè wa ni ó yẹ kí n kọ́kọ́ bi. "Àmì ayò" ni àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò ń pe góòlù. Bí ẹnikẹ́ni kò bá borí, a ní wọ́n "ta ọ̀mì". Láti ìdí ọpọ́n ayò ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti rìn dé orí pápá. Ní kékeré, mo máa ń dúró ti bàbá mi nídìí ọpọ́n. Ọ̀ta ni, ṣùgbọ́n wíwò rẹ̀ máa ń súni. Yóò máa kó ọmọ ayò jọ sí ilé kan ṣoṣo, yóò máa fi ẹyọ ẹyọ ta níbòmíràn, àwa òǹwòran yóò sì máa yán. Odù ni ó ń kó jọ. Nígbà tí ó bá wá gbé odù náà, tí ó pín in yí ọpọ́n po, tí ó sì tún dé ọ̀dọ̀ ọ̀pẹ lẹ́ẹ̀kejì, gbogbo ìdí ọpọ́n á hó yèè. N kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe ìkójọ yẹn ní ìwà ojo rí. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀: bí ọmọ ayò bá tán lọ́dọ̀ ẹnì kejì, òfin ni pé kí o ta èyí tí yóò fún un ní nǹkan, bí o bá ní in. Wọn kì í febi pa ọ̀pẹ kí wọ́n tó ní àwọn borí.

Nítorí náà mo ti yí ohùn padà díẹ̀ nípa Peseiro. Nínú eré mẹ́fà tí ó ṣáájú àṣekágbá, góòlù méjì péré ni wọ́n gbá sínú àwọ̀n wa. Iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n ni. Nígbà tí Ademola Lookman sì gbá méjì sínú àwọ̀n Cameroon, a rí ohun tí ìkójọ wà fún. Ohun tí ó dùn mí ni pé ní alẹ́ Abidjan, a kó odù, a kò gbé e. A jókòó tì í títí eré fi bọ́ lọ́wọ́ wa, èmi náà sì ń pariwo láti orí bẹ́ǹṣì pé kí a túbọ̀ jókòó tì í. Ti 1994 ńkọ́? Ìfẹ́ ni kò jẹ́ kí n rí i tẹ́lẹ̀: ọ̀ta tí ó ń dárà fún òǹwòran tí ó gbàgbé láti ka ọmọ ayò ni wá ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìkẹyìn yẹn. (Ẹni tí ó bá fẹ́ bá mi jiyàn yóò mú Atlanta 1996 wá, níbi tí a ti na Brazil ní 4-3, tí a sì na Argentina ní 3-2, tí ẹwà àti wúrà jùmọ̀ wọlé. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n a kì í torí àlejò tí ó yà lẹ́ẹ̀kan kọ́lé.)

Síbẹ̀ n kò tí ì dá ọmọ Ìdóàní lóhùn. Lẹ́yìn iṣẹ́ oko ni bàbá mi ń ta ayò. Oúnjẹ ẹnikẹ́ni kò sí nínú ọpọ́n náà. Ọ̀sẹ̀ kan tí ọmọ yìí ń wá, n kò lè fi ìtàn ẹgbẹ́ kan tí ó fìdí rẹmi kí wọ́n tó bí i san án fún un. Ó ti gbé mi délé lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà náà. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, ó kọ̀, kò gba owó lọ́wọ́ mi. Ó kàn rẹ́rìn-ín, ó yí ọ̀kadà padà, ó ní, "Bàbá, ẹ gbá a sígbó."